Dókítà ní kẹ́mò, ẹ̀gbọ́n mi ní London fi oògùn míì ránṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i

Ọmọ Àrán (Ọjọ́rú, 9:12 alẹ́)
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, mi ò dá sí i rí, àmọ́ èyí tó wà nílẹ̀ yìí ti ju agbára mi lọ. Ọmọ Òmù-Àrán ni mí, Ìlọrin ni mò ń gbé, ìsọ̀ aṣọ ni mo ní. Ẹni ọdún 43 ni mí, ọmọ mẹ́ta, mo ṣì ń rí nǹkan oṣù mi dáadáa. Ibi tí mo ti ń wẹ̀ lọ́wọ́ mi ti ba kókó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọyàn òsì, kò ju hóró ẹ̀pà lọ, kò dùn mí, ni mo bá fi sílẹ̀. Oṣù mẹ́rin gbáko. Ẹ má bínú sí mi, mo ti bínú sí ara mi tó. Ìgbà tí mo máa fi dé ọsibítù ó ti tó àgbálùmọ̀ kékeré, wọ́n ní jẹjẹrẹ ọyàn ni.

Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ báyìí, wọ́n gé ọyàn yẹn kúrò, wọ́n kó kókó abíyá 12, àìsàn yẹn ti dé inú ọ̀kan nínú wọn. Ohun tí wọ́n kọ sínú èsì ni ER positive, PR positive, HER2 negative, grade 2. Dókítà ní kẹ́mò, oògùn líle tó ń pa jẹjẹrẹ yẹn, ni màá kọ́kọ́ gbà, tí mo bá parí ẹ̀ màá wá bẹ̀rẹ̀ oògùn oníhóró kan tó ń jẹ́ tamoxifen, ó kéré tán ọdún márùn-ún. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí wàhálà wà rèé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà ní London, ẹni ọdún 62, irú àìsàn yìí gan-an ló ṣe é ní 2019, òun ò gba kẹ́mò kankan o, oògùn kan tó ń jẹ́ anastrozole ló ń lò. Ó ní wọ́n fi lára kókó òun ṣe tẹ́ẹ̀sì kan, tẹ́ẹ̀sì yẹn ló sọ pé òun ò nílò kẹ́mò. Ó ti fi páálí anastrozole mẹ́ta rán ẹnì kan sí mi, ó ní tamoxifen ti di oògùn ayé àtijọ́ àti pé ó ń ba ilé ọmọ jẹ́. Inú ọkọ mi dùn, torí ẹ̀rù kẹ́mò yẹn ń bà á jù mí lọ. Ìyá ọkọ mi náà ní agbo kan wà tí àwọn mọ̀ dájú. Èmi wà láàárín gbogbo wọn. Páálí mẹ́ta yẹn wà lórí tábìlì níwájú mi bí mo ṣe ń tẹ èyí.

Ìyá Ìbejì Ọ̀fà (Ọjọ́rú, 9:40 alẹ́)
Pẹ̀lẹ́ o àbúrò mi. Ọlọ́run á gbé ọ dìde. Mo ti gba ọ̀nà yẹn kọjá, jẹ́ n sọ bó ṣe rí fún ọ.

Kẹ́mò mẹ́jọ ni mo gbà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta. Mẹ́rin àkọ́kọ́ ni oògùn pupa kan wà nínú ẹ̀, ó rí bíi sóbò nínú síríǹjì, tó o bá tọ̀ lọ́jọ́ yẹn ìtọ̀ rẹ á pọ́n, má pariwo, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Irun mi bẹ̀rẹ̀ sí í já kí ọ̀sẹ̀ kẹta tó pé, mo jí láàárọ̀ mo bá a lórí pílò, mo ní ó tó, mo pe bábà wá sílé kó fá a. Àwa la máa ń ra oògùn fúnra wa wá, èyí tí wọ́n tà fún mi jẹ́ olómi tó gbọ́dọ̀ tutù, kúlà tí àwọn ìbejì mi fi ń gbé oúnjẹ lọ sílé ìwé ni mo ń kó o sí, èmi àti áìsì tí mo wé nínú nọ́ọ̀lọ́nù, láti Ọ̀fà wá sí Ìlọrin. Ọkùnrin kan nínú mọ́tò bi mí pé èló ni mò ń ta yógọ́ọ̀tì. Mo ní owó ẹ̀ ò tó o rà.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mi ò fẹ́ kó o gbàgbé, ra temométà. Tí ara rẹ bá gbóná tó 38 lẹ́yìn kẹ́mò, má lo parasitamọ́ọ̀lù kó o sùn sí i, ọsibítù ni lóru ọjọ́ yẹn, torí kẹ́mò máa ń dín ẹ̀jẹ̀ funfun kù, ibà kékeré lè gbéni lọ. Mo ti wà lórí tamoxifen ọdún kẹrin báyìí. Ooru ló ń bá mi jà, mo lè wà ní ṣọ́ọ̀ṣì kí òógùn bò mí bí ẹni tó ń gún iyán, ìyẹn nìkan.

Alájàpá Ìpàta (Ọjọ́rú, 10:05 alẹ́)
Ẹ kú àánú ara wa o. Èmi ò ní tẹ̀lé Ìyá Ìbejì lórí eléyìí. Kẹ́mò kì í ṣe fún gbogbo èèyàn. Ìyá tó bí mi, ẹni ọdún 68, ER positive náà ni tiwọn, dókítà wọn fúnra ẹ̀ ló ní kí wọ́n má wulẹ̀ gba kẹ́mò, letrozole hóró kan lójúmọ́, wọ́n sì ń lọ ọjà dòní. Ẹ̀gbọ́n London ò parọ́. Oògùn tó wà lọ́wọ́ yín tán, tí ẹ ò rà á lówó, kí lẹ tún ń wá? Ẹ lò ó.

Mámà Nọ́ọ̀sì (Ọjọ́rú, 10:51 alẹ́)
Alájàpá, ọmọ mi, jọ̀ọ́ rọra. Ìwọ Ọmọ Àrán, kó tó di pé ẹnikẹ́ni tún sọ̀rọ̀, má tíì ṣí páálí yẹn.

Mo ti fẹ̀yìn tì nísinsìnyí àmọ́ mo bá àwọn tó ní irú èyí ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. ER àti PR positive túmọ̀ sí pé ara kókó yẹn ní ibi tí hòmóònù obìnrin ń jókòó sí, tí hòmóònù bá ti jókòó, kókó á máa dàgbà. Tamoxifen ló máa ń lọ jókòó síbẹ̀ ṣáájú. Ẹ ti wọ mọ́tò rí ní Márábà, ẹni tó ti gba síìtì ti gbà á, ẹ̀yin tẹ́ ẹ dé lẹ́yìn ẹ dúró sílẹ̀. Estrogen, hòmóònù obìnrin yẹn, ṣì wà nínú ara o, ibi tó máa jókòó sí ni kò sí.

Anastrozole ò jọ ìyẹn. Òun kì í gba síìtì, ó ń dí ibi tí estrogen ti ń wá ni. Ibo ló ti ń wá? Tí èèyàn bá ṣì ń rí nǹkan oṣù, ilé ẹyin rẹ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù. Tí nǹkan oṣù bá ti dá pátápátá, ilé ẹyin ti sinmi, ọ̀rá ara àti àwọn ibòmíì ló kù tó ń ṣe díẹ̀díẹ̀, èròjà kan tí wọ́n ń pè ní aromatase ló ń bá wọn ṣe é. Aromatase yẹn ni anastrozole, letrozole àti exemestane ń mú so. Ẹ̀gbọ́n rẹ tó jẹ́ ẹni ọdún 62 àti ìyá Alájàpá, oògùn wọn gan-an nìyẹn, fún irú ọjọ́ orí wọn ó tilẹ̀ ta tamoxifen yọ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ tí ilé ẹyin rẹ ń ṣiṣẹ́, tó o bá dá a lò, estrogen á lọ sílẹ̀ díẹ̀, ọpọlọ á rí i, á ránṣẹ́ sí ilé ẹyin pé ṣe kíá, ṣe sí i. Ṣé ẹ mọ̀ pé letrozole yìí kan náà ni wọ́n ń fún àwọn obìnrin kan tí ẹyin wọn kì í jáde kí wọ́n lè lóyún? Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò.

Ti ilé ọmọ, òótọ́ wà níbẹ̀ àmọ́ wọ́n ti fi iyọ̀ púpọ̀ sí i. Tamoxifen lè fa jẹjẹrẹ ilé ọmọ, kì í wọ́pọ̀, àwọn tó ti kọjá ìgbà nǹkan oṣù ló sì ń bá jù. Èyí tí mo fẹ́ kó o máa ṣọ́ ni ẹsẹ̀ kan tó bá ṣàdédé wú tó ń dun èèyàn, tàbí àyà tó ń gún pẹ̀lú àìlèmí dáadáa, ìyẹn lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ dídì. Ìyẹn kì í dúró de ọjọ́ kílíníìkì. Oyún ńkọ́? Ẹ ò gbọ́dọ̀ lóyún lórí ẹ̀. Ìfètòsọ́mọbíbí tó ní hòmóònù nínú, abẹ́rẹ́ ni o, táblẹ́ẹ̀tì ni o, èyí tí wọ́n ń fi sí apá ni o, kò yẹ ẹ́ mọ́. Kọ́ńdọ̀ọ̀mù tàbí kọ́ìlì oníbàbà ni.

Alájàpá Ìpàta (Ọjọ́bọ̀, 6:20 àárọ̀)
Mámà, ẹ ṣeun, mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo gba ẹ̀bi mi lórí anastrozole. Àmọ́ ẹ ò dá mi lóhùn lórí kẹ́mò. Tẹ́ẹ̀sì tó sọ pé ẹ̀gbọ́n wọn ò nílò kẹ́mò, kí ló dé tí wọn ò lè ṣe é fún àwọn náà?

Ẹlẹ́ẹ̀kejì, obìnrin kan ládùúgbò wa, ẹni ọdún 44, kẹ́mò ti dá nǹkan oṣù tiẹ̀ dúró. Ṣé òun wá lè lo ti London?

Fámásísìtì Táńkẹ̀ (Ọjọ́bọ̀, 7:45 àárọ̀)
Rárá o. Èyí tí kẹ́mò dá dúró kì í ṣe dídúró gidi fún irú ọjọ́ orí yẹn, ó lè pa dà lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, lẹ́yìn ọdún kan, nígbà míì kó má tilẹ̀ hàn síta, ilé ẹyin á ti máa ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀. Tí dókítà bá fẹ́ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní anastrozole, ó gbọ́dọ̀ fi abẹ́rẹ́ tó ń mú ilé ẹyin sùn tì í, bíi goserelin, inú awọ ikùn ni wọ́n ń gún un sí, ọjọ́ 28 sí ọjọ́ 28. Ó wọ́n o. Tí owó abẹ́rẹ́ bá tán lójijì, anastrozole tó kù sílé ò wúlò mọ́. Àwọn míì máa ń yàn kí wọ́n yọ ilé ẹyin kúrò tán. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ dókítà wa ṣe ń dúró ti tamoxifen fún àwọn tó ṣì kéré, 20mg lójúmọ́, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é pọ̀, owó ẹ̀ ò pani.

Ẹni tó ń lo tamoxifen, tí ọkàn rẹ̀ bá bàjẹ́ tí wọ́n fẹ́ fún un ní oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì, kó sọ fún wọn. Paroxetine àti fluoxetine máa ń dí ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ láti sọ tamoxifen di èyí tó ń ṣiṣẹ́. Mo ti rí i tí wọ́n kọ méjèèjì sínú ìwé kan náà.

Ti agbo, mi ò ní kí ẹ bú ìyá ọkọ yín, ìfẹ́ ló wà nídìí ẹ̀. Àmọ́ ẹ̀dọ̀ ló ń ṣiṣẹ́ lórí kẹ́mò, ẹ̀dọ̀ náà ló máa ṣiṣẹ́ lórí agbo, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n sè papọ̀ àti bó ṣe pọ̀ tó. Ẹ sọ fún wọn pé dókítà ní kí ẹ sinmi ẹ̀ ná.

Ọmọ Ìlọrin ní Manchester (Ọjọ́bọ̀, 1:30 ọ̀sán)
Ẹ kú ojúmọ́ gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ tẹ́ẹ̀sì yẹn, ó jọ pé Oncotype ni. Jíìnì 21 ni wọ́n ń yẹ̀ wò nínú kókó tí wọ́n ti yọ, wọ́n á fún èèyàn ní máàkì láti 0 dé 100. Níbí, ìjọba ló ń sanwó ẹ̀ fún àwọn tó yẹ, nílé ẹ̀yin lẹ máa fowó ara yín san án, ó lé ní $3,000, Amẹ́ríkà ni wọ́n ń fi kókó ránṣẹ́ sí.

Àmọ́ kí a má tan ara wa. Ìwádìí ńlá tó jáde ní 2018, àwọn tí àìsàn yìí ò tíì dé kókó abíyá wọn ni wọ́n wò. Àwọn tó ti lé ní 50 tí máàkì wọn ò ju 25 lọ, kẹ́mò ò fi nǹkan kan kún un fún wọn. Òmíràn tún jáde ní 2021 fún àwọn tó ní kókó abíyá kan sí mẹ́ta. Àwọn tí nǹkan oṣù wọn ti dá, kẹ́mò ò wúlò fún wọn tí máàkì bá kéré. Àwọn tó ṣì ń rí nǹkan oṣù, kẹ́mò ràn wọ́n lọ́wọ́ bí máàkì tilẹ̀ kéré. Ẹ wò ó dáadáa: ọdún 43, nǹkan oṣù, kókó abíyá kan. Bí ẹ bá rówó $3,000 yẹn san, èsì ẹ̀ lè má yí ohun tí dókítà sọ pa dà.

Mámà Nọ́ọ̀sì (Ọjọ́bọ̀, 2:10 ọ̀sán)
O sọ ọ́ dáadáa, àmọ́ mo fẹ́ ṣe àfikún kan. Àwọn dókítà kan gbà pé nǹkan tí kẹ́mò ṣe fún àwọn tó kéré yẹn, díẹ̀ nínú ẹ̀ jẹ́ pé ó mú ilé ẹyin sùn ni. Wọ́n ṣì ń bá ara wọn jiyàn lé e lórí. Ó yẹ kó bi dókítà ẹ̀ léèrè, pé tí òun bá parí kẹ́mò, ṣé tamoxifen nìkan ni àbí pẹ̀lú abẹ́rẹ́.

Ọmọ Láàbù (Ọjọ́bọ̀, 4:02 ìrọ̀lẹ́)
Ẹ wo nọ́ńbà HER2 yẹn lórí ìwé, èròjà kan ni tó máa ń mú kókó tètè dàgbà tó bá pọ̀ jù. 0 tàbí 1+, negative ni. 3+, positive. Tó bá jẹ́ 2+ kò tíì yanjú o, tẹ́ẹ̀sì míì ló máa dá a, FISH ni wọ́n ń pè é. Mo ti rí ìwé tí wọ́n kọ 2+ sí tí ẹnì kan sì fi bírò kọ negative sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Ẹ̀yin míì tẹ́ ẹ ń kà, tí wọ́n bá fẹ́ bu ẹran nínú ọyàn yín, ẹ bèèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kó o sí. Fọ́máàlìn ni, lójú ẹsẹ̀. Kílíníìkì kan fi tìyá kan ránṣẹ́ sí wa nínú omi lásán, nínú ike oògùn, ọjọ́ kejì ló dé. ER ẹ̀ jáde ní negative. Ìgbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ tí wọ́n tún kókó fúnra ẹ̀ yẹ̀ wò, positive ni.

Hájíà Òkè-Súnà (Ọjọ́bọ̀, 8:35 alẹ́)
Àsàlámù àlékúm. Ẹni ọdún 47 ni mí nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ tamoxifen fún mi. Nǹkan oṣù mi dá, ó tó ọdún kan àti ààbọ̀, ni mo ṣàdédé rí ẹ̀jẹ̀ lára pátá. Ìtàn ilé ọmọ tí gbogbo yín ń sọ ni mo rántí, mo sunkún. Wọ́n ṣe sikáànì, ẹran kékeré kan ló hù nínú ilé ọmọ, wọ́n yọ ọ́, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kì í ṣe jẹjẹrẹ, àlùhámdùlíláì. Ẹ̀jẹ̀ tó bá tún yọ lẹ́yìn tó ti dá, ẹ má gbé e mì.

Nígbà tí wọ́n rí i pé nǹkan oṣù ti lọ pátápátá ni wọ́n wá gbé mi sórí letrozole. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé èyí ló dáa jù, ẹ bi orúnkún mi. Mo máa ń forí kanlẹ̀ tán kí n máà lè dìde, ọmọ mi obìnrin ló máa ń fún mi lọ́wọ́. Orí àga ni mo ti kírun fún bí oṣù márùn-ún. Rírìn láràárọ̀ ló bá mi dín in kù, àti kásíọ́ọ̀mù àti fítámì D tí wọ́n fún mi torí eegun. Tí ààwẹ̀ bá dé mo máa ń lo oògùn mi ní sàárì, ẹ̀ẹ̀kan náà ni lójúmọ́, kò dí ààwẹ̀ lọ́wọ́. Lọ́jọ́ tí mo bá gbàgbé mi kì í lo méjì lọ́jọ́ kejì.

Baba Ajàṣẹ́ (Ọjọ́bọ̀, 9:20 alẹ́)
Ọkùnrin ni mí. Ọyàn òsì náà ni tèmi. Tamoxifen ọdún kẹta. Ẹ̀yin ọkùnrin tẹ́ ẹ ń bá ìyàwó yín ka èyí, ẹ fọwọ́ kan tiyín náà.

Ọmọ Àrán (Ọjọ́ Ajé, 7:55 alẹ́)
Ẹ kú ìdúró o. Mo ti lọ rí dókítà ní Jímọ̀ọ́, mo kó páálí mẹ́ta yẹn dání, mo kọ ìbéèrè yín sórí ìwé. Ọkọ mi tẹ̀lé mi lọ, ìgbà àkọ́kọ́ rèé. HER2 mi, 1+ ni, a ti wò ó.

Dókítà ò bínú. Ó ní tí mo bá lo anastrozole yẹn lóun nìkan, ó dà bíi kí n máa lo suwíìtì. Ó ní kẹ́mò ni lóòótọ́, torí kókó abíyá yẹn àti ọjọ́ orí mi, lẹ́yìn náà tamoxifen, ti abẹ́rẹ́ ilé ẹyin a máa sọ ọ́ tí kẹ́mò bá parí, bí àpò bá gbà á. Ó ní iná tí wọ́n máa ń yìn sí àyà, tí wọ́n ń pè ní radiotherapy, náà ṣì lè tẹ̀ lé e, kí a má tíì rò ó. Ọkọ mi ló béèrè bóyá kẹ́mò yẹn lè ba ọkàn jẹ́, dókítà ní ìbéèrè tó dáa ni, pé oògùn pupa yẹn lè ṣe bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe sikáànì ọkàn fún mi ní Jímọ̀ọ́ yẹn náà. Ó dáa.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Ó kọ́kọ́ gbaná jẹ, ó ní a ti kọ́ mi ní ìkọ́kúkọ̀ọ́, nígbà tí mo sọ ti letrozole àti àwọn tó ń wá ọmọ fún un ló dákẹ́. Ó pa dà pè ní alẹ́, ó ní nọ́ọ̀sì tiẹ̀ ní òótọ́ ni. Ó ti ní òun máa fi owó abẹ́rẹ́ ránṣẹ́ dípò. Ìyá ọkọ mi ṣì ń sè agbo, àmọ́ òun fúnra wọn ni wọ́n ń mu ún.

Àárọ̀ ọ̀la ni. Ẹnu mi ti gbẹ láti òwúrọ̀. Ó ku oògùn pupa yẹn, fámásì ní kí n gbé nǹkan tútù wá, fíríìjì mi ò sì níná láti àná.

Ìyá Ìbejì Ọ̀fà (Ọjọ́ Ajé, 8:03 alẹ́)
Mọ́tò àkọ́kọ́ ni màá wọ̀ lọ́la. Mo ti fi omi sínú firísà, kúlà yẹn ṣì wà, ìdérí ẹ̀ ti sán díẹ̀ àmọ́ ó ń mú òtútù. Ibo ni kí n ti pàdé rẹ, gáréèjì Ọ̀fà àbí ọsibítù?

Ọmọ Àrán (Ọjọ́ Ajé, 8:04 alẹ́)
Gáréèjì, àǹtí mi. Ìbòrí pupa ni màá wé.